Bàbá Láwàní Dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọdé

Ogójì ọdún ni Bàbá Láwàní fi tẹ̀ba nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, títí ẹ̀yìn ríro fi tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á dé ọsibítù.

Rọ́láyọ̀, ọmọbìnrin kúkúrú tó ń fi ìdárayá wo ẹ̀yìn ríro sàn níbẹ̀, tẹ́ ẹní sílẹ̀. "Bàbá, ẹ dojú bolẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ti àyà yín sókè díẹ̀díẹ̀."

Bàbá fárígá. "Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi lè pè ní àbúrò?"

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Bí a bá dọ̀bálẹ̀ fún aràrá, kò ní ká má ga tí a bá dìde. Àbí ilẹ̀ lẹ fẹ́ máa wò títí ayé?"

Rọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá ráhùn, ó dojú bolẹ̀. Láràárọ̀ ló ń ṣe é nílé, tó ń tìlẹ̀kùn mọ́rí kí ará àdúgbò má baà rí i.

Lóṣù kejì, ó nàró gbọọrọ wọ ọsibítù. Rọ́láyọ̀ ní láti gbójú sókè kó tó rí ojú rẹ̀. Lójijì, Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ìdárayá ti parí!"

"Mo mọ̀. Ọpẹ́ lèyí."