Ìdí Tí Abẹ́ Ọkọ̀ Fi Ń Ké Gbò, Tó Sì Ń Dákẹ́ Níwájú Mẹkáníìkì

Nígbà láéláé, kí irin tó yadi, gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin. Kò sí ọkọ̀ tó ń ké gbò lójú ọ̀nà. Kí ló fẹ́ máa ké fún? Bí nǹkan bá ń ṣe ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọkọ̀, á kàn pe ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi táyà ọwọ́ òsì ni o, ìṣó ti wọ̀ mí lára." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mẹkáníìkì ayé ìgbà náà ò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á béèrè pé ta ni ara rẹ̀ ò yá níbí, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá á sì dáhùn. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ju ti àtijọ́ sórí òkìtì irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn adìyẹ ti ń yé ẹyin.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan wà nígbà náà, ti Alàgbà Ọdẹ́yalé. Lábẹ́ iwájú rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ ara, àwọn mẹ́ta ń gbé ibẹ̀. Ṣọ́kì ni àgbà wọn. Òun ló dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń gba ara ọkọ̀ dúró bí wọ́n bá kó sí kòtò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Táì-rọ́dù tẹ̀lé e, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí táyà sọ́tùn-ún sósì. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ni kó máa gba gbogbo ohun tí Ṣọ́kì bá sọ. Ìkẹta wọn ni Bọ́ṣì, rọ́bà kékeré tó ń jókòó láàárín irin méjì kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn.

Ṣọ́kì fẹ́ràn Bọ́ṣì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé inú ọkọ̀ náà. Bí ọ̀nà bá ti dán báyìí, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ títí wọ́n á fi délé.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ kó sí kòtò ńlá kan lọ́nà oko, Bọ́ṣì sì ya. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òun ti ya débi pé irin ti ń kan irin. Kò sunkún. Ó sọ fún Ṣọ́kì pé bí àwọn bá délé, òun á sọ fún Alàgbà, kí wọ́n yọ òun kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó já bọ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

Àyà Ṣọ́kì já. Ó ro ti òkìtì irin yẹn, ó ro ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìdí adìyẹ, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, à bá yìn ín. Ṣùgbọ́n ó tún ro ti ara rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹnìkan kúrò nílé òun lónìí, àwọn ará òkè, ẹ́ńjìnnì àti ọwọ́ ọkọ̀, á máa sọ pé ilé Ṣọ́kì ti ń tú. Ó ní ìyẹn ò ní ṣojú òun. Ló bá pe ìpàdé.

Ẹ kúkú mọ ìpàdé àwọn àgbà. Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, wọ́n kí àwọn tó wá, wọ́n kí àwọn tí kò lè wá. Ṣọ́kì sọ̀rọ̀ nípa ìṣọ̀kan títí, Táì-rọ́dù sì ń pàtẹ́wọ́ kó tó parí gbólóhùn. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé láti ìgbà náà lọ, ará abẹ́ ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Bí nǹkan bá dun ẹnìkan, gbogbo wọn á jọ ké gbò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tọ́ràn kàn. Bí wọ́n bá sì ti dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kálukú á pa ẹnu mọ́.

Bọ́ṣì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mẹkáníìkì ò bá gbọ́ orúkọ mi, ta ló máa wá mú?"

"Kò ní rí ẹnikẹ́ni mú," ni Ṣọ́kì wí. "Yóò wá a wá a, á sú u, yóò fi wá sílẹ̀."

Táì-rọ́dù rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni rọ́bà mọ̀ nípa ètò ìlú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alàgbà àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Jókòótọ́lá, ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, abẹ́ ọkọ̀ sì ké gbò. Alàgbà fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè pé ta ni. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó tún béèrè. Gbò.

Ẹ ò lè mọ bí oníṣègùn ọkọ̀ ti pọ̀ tó nínú ìjọ kan, àfi kí ọkọ̀ yín máa ké. Ẹnìkan ní jáàkì ló ń yí kiri nínú búùtù. Wọ́n gbé jáàkì kúrò, ọkọ̀ ké gbò. Ẹnìkejì ní ìgò ló wà lábẹ́ àga. Wọ́n wá ìgò náà, wọn ò rí i, ọkọ̀ ń ké lọ. Olórí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin, tí kò wa ohunkóhun rí láyé rẹ̀, ní ó dá òun lójú pé àwọn ará ilé Alàgbà ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà lórí ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé Àmín, ẹnìkan gbára lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọkọ̀ náà sì dáhùn: gbò.

Alàgbà wa ọkọ̀ lọ bá Múfútàù mẹkáníìkì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Múfútàù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó béèrè pé ta ni ara rẹ̀ ò yá níbí. Gbogbo wọn dákẹ́ lọ gbári. Ó wọnú ọkọ̀, ó wà á yí àdúgbò ká, ó wọ kòtò, ó gun òkúta, kò gbọ́ kíní kan. Ó ní kí Bàbá máa lọ sílé. Alàgbà ò tíì dé ìkóríta tí ọkọ̀ fi ké gbò. Ó padà, ọkọ̀ dákẹ́. Ó jáde, ọkọ̀ ké. Nígbà tó ti lọ tó ti bọ̀ títí, Múfútàù fa Ìyá Jókòótọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé kí Bàbá dín ààwẹ̀ kù.

Inú Ṣọ́kì dùn. Ó fẹ́ bi Bọ́ṣì léèrè pé ṣé o rí i báyìí, ó rántí òfin, ó sì dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀nà á dán, kò ní sí àkúrọ̀sọ. Lójoojúmọ́ ni irin ń gbá Bọ́ṣì níhìn-ín lọ́hùn-ún, Ṣọ́kì ń wò ó, àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe é, àmọ́ òun ló ṣòfin, kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rú u.

Kò pẹ́, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá Jókòótọ́lá ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́, òun á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá fẹ́ kú kó máa wakọ̀. Alàgbà gbé ọkọ̀ náà fún Múfútàù, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Múfú, mi ò gbé e lọ mọ́ báyìí. Ẹni tó ń ké yìí, bá mi yọ ọ́."

Múfútàù rò ó. Ohùn tí Bàbá ń ròyìn yìí ga, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ tóbi. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ta ló tún tóbi ju Ṣọ́kì lọ? Ló bá mú sípánà.

Jìnnìjìnnì bo Ṣọ́kì. Ara rẹ̀ le koko, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó fẹ́ kígbe pé, "Èmi kọ́, Bọ́ṣì ni." Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀rẹ́ tó tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé, orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí ti gbàgbé èdè. Ohun tó jáde ni, "Gbò."

"Ìwọ nìyẹn," ni Múfútàù wí. "Mo ti ń fura sí ẹ."

Bọ́ṣì ò lè wò ó níran. Ó sa gbogbo agbára tó kù nínú rọ́bà rẹ̀, ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi àgbà sílẹ̀, òun ni. Òun náà ké gbò. Múfútàù ní ẹ ò rí i bó tún ṣe ń ké, ó sì tú Ṣọ́kì kíá. Táì-rọ́dù tẹ̀lé òfin, kò mira.

Wọ́n fi ṣọ́kì tuntun síbẹ̀. Kòtò àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀, gbò. Wọ́n padà, wọ́n tú Táì-rọ́dù. Ìyẹn ké débi tí adìyẹ fi sá kúrò lórí ẹyin, igbe rẹ̀ ló sì tún mú kó dá Múfútàù lójú pé òun ni. Wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbò.

Inú bí Múfútàù. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó sùn gbalaja sábẹ́ rẹ̀, ó ń mi gbogbo ohun tó bá ṣáà ti ṣeé mì, ó ń fi irin ti ibi gbogbo. Nígbà tó ti irin bọ àárín irin méjì tí Bọ́ṣì jókòó sí, irin méjèèjì fò síra wọn. Bọ́ṣì tinrin, ó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ó yọ ọ́, ó fi tuntun síbẹ̀, ariwo sì tán.

Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún Alàgbà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti bàjẹ́ látilẹ̀, Alàgbà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ohun tó wà lábẹ́ iwájú ọkọ̀ ti ń ké igbe kan ṣoṣo, tí wọ́n sì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti rí mẹkáníìkì. Láti ọjọ́ náà ni mẹkáníìkì ti ń gbé ọkọ̀ sókè, tó ń mi táyà, tó ń fi irin ti ibi gbogbo, torí kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn mọ́. Láti ọjọ́ náà ló sì ti jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú.