Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Kò Lè Ṣe Àmín

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí gbogbo ìlú fọkàn tán. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í wọ́lẹ̀, fèrèsé tó bá ṣe kì í há. Nígbà tí ìjọ rẹ̀ kọ́ ilé ìsìn tuntun tó ku òrùlé, òun ni wọ́n pè.

Iṣẹ́ náà ń lọ déédéé títí ó fi ku ọjọ́ mẹ́fà tí bíṣọ́ọ̀bù máa wá ya ilé náà sí mímọ́. Lọ́jọ́ yẹn ló fẹ́ gbé igi tó gùn jù sókè, èyí tó máa ru àárín òrùlé. Ó fi òòlù kàn án, ó dún bí igbá òfìfo. Ó yí i padà, ó rí ipa ikán lábẹ́ rẹ̀. Kò sí igi mìíràn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nítòsí, ọjọ́ sì ti lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fi ọ̀dà kun ojú ibẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sókè. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti lọ tán, màá pààrọ̀ rẹ̀.”

Bíṣọ́ọ̀bù wá, ó sì lọ. Àmọ́ nígbà yẹn, wọ́n ti kan àjà bo igi náà, wọ́n sì ti fún gbẹ́nàgbẹ́nà ní àga níwájú ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà wá di ohun tí kò ṣeé sọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí àwọn ènìyàn bá dijú láti gbàdúrà, òun á la tirẹ̀, á máa wo òkè. Ìyá kan tilẹ̀ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹ wo bí Bàbá ṣe gbójú sókè sí Ọlọ́run.” Bí òjò bá ṣú, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á jáde lọ wo ojú ọ̀run. Ó lọ sílé àlùfáà lẹ́ẹ̀kan láti jẹ́wọ́. Kó tó la ẹnu, àlùfáà ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òrùlé. Ó béèrè omi, ó mu ún, ó sì padà sílé.

Abẹ́ igi náà gan-an ni àwọn akọrin ń jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn. Nígbà tó yá, Fadékẹ́mi ọmọ rẹ̀ náà wọ ẹgbẹ́ akọrin.

Ó pe ọmọ náà, ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kó o máa jókòó sí o.”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ síbẹ̀ dáadáa.”

Ọdún kejì ni ọ̀dá dá. Àgbàdo gbẹ lóko, ilẹ̀ sán. Àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún òjò. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n ń ṣe àmín kíkankíkan. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà kúnlẹ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n àmín kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Oko tirẹ̀ náà ń gbẹ. Síbẹ̀, ohun tó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ ni pé kí òjò má tíì rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òjò ṣú nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń jó, wọ́n ń patẹ́wọ́. Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá páànù. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́ ohùn kan lókè, ó dún kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ó rò ó pé bóyá páànù lásán ni. Ohùn náà tún dún. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń kọrin pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó wo àwọn ọmọ kéékèèké tó ń jó yí i ká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dìde.

Ó kígbe pé, “Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde!”

Ẹnì kan dáhùn pé, “Ẹ̀mí ti bà lé Bàbá!”

“Kì í ṣe Ẹ̀mí o! Igi òkè yìí, ikán ti jẹ ẹ́ kí n tó gbé e síbẹ̀. Mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.”

Orin dá. Àlùfáà ní kí wọ́n kó àwọn ọmọdé jáde lákọ̀ọ́kọ́. Gbogbo ìjọ dúró sínú òjò nínú aṣọ ìsìn wọn, wọ́n ń wo òrùlé. Òrùlé náà kò wó. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó kàn fi òjò na àwọn ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú àjà. Àgbà ìjọ kan gun àkàbà, ó fi àtàńpàkò tẹ igi náà. Àtàńpàkò rẹ̀ wọlé tán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi àtàńpàkò náà han gbogbo wọn.

Àwọn kan ní kí wọ́n lé gbẹ́nàgbẹ́nà kúrò nínú ìjọ. Àlùfáà ní rárá, kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tún òrùlé ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n gba àga iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò kí i fún ìgbà pípẹ́. Ti ilé rẹ̀ ló le jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyàwó rẹ̀ fi sùn sí yàrá Fadékẹ́mi. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní, “Ẹ ní kí Fadékẹ́mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi ńkọ́? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?” Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé, ó sunkún.

Ó gbé igi tuntun sókè, ó pe àwọn ará ìjọ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kan ìṣó kan mọ́ ọn. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn náà bá wọn nínú ìwàásù. Ọkùnrin náà wà lẹ́yìn pátápátá, ó sùn lọ, ó ń hanrun. Ẹnì kan fẹ́ jí i. Àlùfáà ní, “Ẹ jẹ́ kó sùn. Ó ti pẹ́ tó ti sùn kẹ́yìn.”

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, èmi kò mọ ohun tí ìwọ náà fi ọ̀dà kùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun kan wà tí o ti yẹ ẹsẹ̀ ara rẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí o sì fi àwọn ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọlọ́run ti rí i tipẹ́, kì í ṣe òun lo ń fi pa mọ́ fún. Ìtìjú á dé bí o bá sọ ọ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Yóò dùn ọ́, ẹlòmíràn á sì kẹ̀yìn sí ọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ìdákẹ́ ló ń pani, kì í sì í pa ẹnì kan ṣoṣo.

Má wulẹ̀ kúnlẹ̀ gbàdúrà lé e lórí lónìí. Dìde. Ẹni tó yẹ kí o sọ ọ́ fún wà nílé báyìí.