Agbọ̀n Obì Tí Wọn Kò Tú Wò

Ọkùnrin kan wà, ó lóko obì. Adéògún ọmọ mi, má dìde, ìtàn náà kò gùn, èmi ìyá rẹ pàápàá kò sì ráyè.

Ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ó ká obì tó dáa jù lóko, ó bó o, ó fọ̀ ọ́, ó fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n, ó dì í pinpin. Nílé wọn, bí wọ́n bá ti di ẹrù ìdána, ẹnikẹ́ni kì í tú u mọ́ títí yóò fi dé iwájú àwọn àna.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lọ ni ìyàwó rẹ̀ rí ohun kan bí ìyẹ̀fun nídìí agbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, a ṣì lè ṣa èyí tó dáa."

Ọkùnrin náà ní, "Obì tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀, tí kò kan ilẹ̀, ibo ni kòkòrò ti máa rí i?"

Iwájú àwọn àna ni wọ́n ti tú u. Obì náà ń dán. Bàbá ìyàwó pa ọ̀kan, kòkòrò funfun yí jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pa òmíràn, bákan náà ni. Orí igi ni kòkòrò ti wọ inú obì náà, nígbà tó ṣì wà nínú èèpo.

Adéògún, ibà dá ìyàwó rẹ dùbúlẹ̀ nígbà tí oyún rẹ̀ ti gbó. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ibà lè ti ara ìyá wọ ọmọ nínú oyún. Láti àná ni ara ọmọ ti ń gbóná, kò sì fẹ́ mu ọyàn. Wọ́n ní ká gbé e wá sílé ìwòsàn, kí wọ́n gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ní gìgísẹ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. O ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún ọmọ rẹ kó tó gba orúkọ. O tún ní inú nẹ́ẹ̀tì ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ibo ni ẹ̀fọn ti máa rí i jẹ. Bí olóbì náà ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Olóbì padà sóko, ó ká obì mìíràn. Ìwọ ńkọ́, igi wo lo máa padà sí? Ẹ̀rù ń bà mí. Orúkọ tó o fẹ́ sọ ọmọ yìí, mo fẹ́ kó wà láyé láti jẹ́ ẹ.

Wọ bàtà rẹ. Ọmọ ti wà lọ́wọ́ mi.