Ọkùnrin Mẹ́ta Tó Kọ́ Sùkúù Ìdí-Osè

Ọmọ Ìdí-Osè ni Fẹ̀yìntọlá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀, ó bá ìlú bí ẹni bá aṣọ tí kòkòrò ti jẹ. Àwọn àgbà ọkùnrin ti lọ tán. Sùkúù àkọ́kọ́ ti wó, koríko ti bo ibi tí àwọn ọmọ máa ń tò sí láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó ní ìtàn tó bá ṣẹ́ kù, ojú òun kọ́ ni yóò ṣe bá ilẹ̀ lọ. Ló bá ní kí àbúrò rẹ̀ tó wà n'Ílọrin bá òun ṣí ojú òpó kan sórí ayélujára, wọ́n sọ ọ́ ní Ìtàn Ìdí-Osè. Kọ̀ǹpútà kékeré á wà lórí itan rẹ̀, awò á wà lójú, ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì wò ó, ohun tí ìka kan yẹn ṣe láàárín ọdún kan, ìka mẹ́wàá ẹlòmíì kò lè ṣe é!

Àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta ló kù tó lè bi léèrè: Ìyá Aláró, Ìyá Ládoyè àti Ìyá Jẹnrọlá. Gbogbo wọn ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bí Fẹ̀yìntọlá bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ariwo á ti sọ.

"Ọkọ mi dé o! Kí lo rà bọ̀ fún ìyàwó rẹ?"

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìtàn ni mo wá gbà. N ò ra nǹkan kan."

"Ọkọ ahun! Ahun ló máa ń lẹ́wà jù!" Wọn á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú yàrá rẹ̀, ó bi wọ́n bí sùkúù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá Aláró ní, "Háà, Eyínafẹ́ ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Kí ìrì tó gbẹ, ó ti lọ sódò nígbà mẹ́fà. Yóò máa kọrin bọ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín sí wa, eyín á sì máa tàn bí ẹfun." Ìyá Ládoyè ní Agùntáṣọọ́lò ló bo òrùlé, ó ga débi pé kò wá àkàbà rárá. Ìyá Jẹnrọlá ní Péléyẹjú ló ru irin rélùwéè wá lórí láti ọ̀nà jíjìn, irin tí wọ́n so mọ́ igi, tí wọ́n ń lù dípò aago. "Tó bá ti dún gbaun, gbaun, ewúrẹ́ pàápàá á mọ̀ pé sùkúù ti wọlé. Mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi nígbà míì, ọkọ mi."

Fẹ̀yìntọlá kọ ọ́ pátá. Ojú ewé kan fún Eyínafẹ́, ọ̀kan fún Agùntáṣọọ́lò, ọ̀kan fún Péléyẹjú. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi kà á, wọ́n ń kọ̀wé ìdúpẹ́ ránṣẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni jẹ oyin.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá láti Ṣakí. Ó ga, ó sì dúdú, pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa," ló wí. "Ògúndìran Akínlàbí ni bàbá mi. Ìdí-Osè ló ti wá sí Ṣakí. Títí ó fi kú ló ń sọ pé òun wà lára àwọn tó kọ́ sùkúù yín. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, Bàbá Sùkúù ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Mo ka ìtàn yín láti òkè délẹ̀, n ò rí i níbẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá ní, "Màmá, n kì í kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́rìí sí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná."

Ó jáde lọ bá àwọn ìyá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀gúsí lábẹ́ òjìji. "Ẹ̀yin ìyá mi, ta ló mọ Ògúndìran nínú yín?"

Ẹ̀rín tó wà nílẹ̀ gé. Ìyá Aláró wo Ìyá Ládoyè, Ìyá Ládoyè wo ilẹ̀. Ìyá Jẹnrọlá ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn: "Ọkọ mi, orúkọ yẹn kò ṣeé gbé sẹ́nu wa."

Ọkàn Fẹ̀yìntọlá já. Ó rò pé ọkùnrin náà ti ṣe ohun ìtìjú kan kó tó kúrò nílùú ni. Kò béèrè mọ́. Ó padà wọlé, ó wí fún Àṣàkẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ bàbá rẹ̀.

Àṣàkẹ́ dìde. "Ó dáa. A jẹ́ pé irọ́ náà ló ń pa." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, kò lè kọjá lára àgbà láìkí wọn. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá, ó fipá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá."

Igbá ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Aláró. "Eyínafẹ́! Ẹ wo eyín! Ọmọ Eyínafẹ́ rèé!"

"Dìde ná, kí n wò ọ́," Ìyá Ládoyè ké. "Gíga yìí! Agùntáṣọọ́lò mi ló bí i!"

Ìyá Jẹnrọlá, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, fọwọ́ kan pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Péléyẹjú, o ò kú o!"

"Ẹ dákẹ́ ná!" Fẹ̀yìntọlá kígbe. "Bàbá mẹ́ta kì í bí ọmọ kan! Èwo gan-an ni bàbá rẹ̀ nínú wọn?"

"Mẹ́ta báwo? Ọkùnrin kan náà ni!" Ìyá Aláró pàtẹ́wọ́. "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínafẹ́ lọ́sẹ̀ tí mo délé ọkọ. Àwọn yìí ti fún un ní tiwọn kí n tó dé."

"Ṣé òun náà ni Ògúndìran? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Àwọn ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ládoyè ní, "Yéè! Ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ ń wí! Ẹni tí mo bá nílé ọkọ, kí n máa wá pè é lórúkọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní Kàdúná nìyẹn?"

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan níbẹ̀. Ó pa ojú ewé mẹ́ta rẹ́, ó fi ìka kan tẹ ẹyọ kan dípò wọn: omi, òrùlé, irin, Ògúndìran Akínlàbí. Àṣàkẹ́ tẹjú mọ́ ọn, ó kà á sókè, ó tún un kà. Ó wá mú fóònù, ó pe Ṣakí, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ilé jọ kí wọ́n wá gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Ìdí-Osè ti ń fi í pòwe pé: ìyàwó ilé tí kò pe orúkọ ọkọ, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n.