Ìdí Tí Ẹtu Fi Ń Gbé Ẹsẹ̀ Kan Dúró Létí Igbó

Nígbà láéláé, kí ọmọ ènìyàn tó dá oko sínú igbó, eré ni ẹtu máa ń sá dé ibi gbogbo. Kì í dúró, kì í wọ̀tún wòsì.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Odò kan ṣoṣo ló kù tó lómi, Ẹkùn sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó ní kí àwọn ẹranko wá bá òun ṣe bojúbojú.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ odò," ó wí. "Ti ìdí ìrókò, ti ẹ̀bá àpáta, ti inú ọparun. Ẹ dijú, n ó sá pamọ́ sí ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ ibi tí mo wà, mo yọ̀ǹda odò fún gbogbo yín. Ẹni tó bá ṣì í sọ, ẹran mi ni."

Ìgalà sọ ọ́, ó ṣì í. Wọn ò rí i mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ti bó ìyá Ẹtu létè.

"Màmá, mò ń lọ."

"Ọmọ mi, o ò lè rí i. Igbó bò ó."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ẹtu jáde sétí odò, òun àtàwọn ẹranko yòókù dijú. Nígbà tí wọ́n lajú, ó gbé ẹsẹ̀ láti sáré bí ìṣe rẹ̀. Ó bá dúró. Ẹsẹ̀ náà wà lókè síbẹ̀.

Ọ̀nà ìrókò há, aláǹtakùn sì ta òwú dí i látòkè délẹ̀. Ìrì ń dán lára rẹ̀, fọ́nrán kan ò já. Ẹtu rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Bó bá jẹ́ ibí ló gbà, ìbá ti já a."

Lẹ́bàá àpáta, àwọn àdàbà ń ṣa èso jẹ nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Bó bá wà níbẹ̀, wọn ìbá ti fò lọ."

Ó wo inú ọparun. Kò rí nǹkan kan. Ewé kan ò mì.

"Bàbá Ẹkùn, inú ọparun lẹ wà!"

Lẹ́yìn náà ni ọparun yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Ẹkùn sì yọ jáde, tòun ti àmì ara rẹ̀.

"Ṣé o rí mi ni?"

"Rárá, bàbá. Ibi tí ẹ ò sí ni mo rí."

Ẹkùn wò ó títí. Ó kẹ̀yìn sí odò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu àwọn ẹranko ò lè padé. Kò sẹ́ni tó sáré lọ bomi. Ńṣe ni wọ́n yà lọ́nà fún ìyá Ẹtu, kó kọ́kọ́ mu.

Láti ọjọ́ náà ni ẹtu kì í ti í ṣàdédé yọ sí gbangba mọ́. Á dúró létí igbó, ẹsẹ̀ iwájú kan lókè, etí rẹ̀ á nàró, títí yóò fi mọ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí.