Ewé Ẹnu Ọ̀nà

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Mo ti di ẹrù tán."

"Ẹrù ọsibítù ọ̀la?"

"Òun ni. Aṣọ méjì, ife kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín."

"Ewé tí o fi ń wo ọgbẹ́ iná ńkọ́? Ta lo fi hàn?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ọdún kẹjọ rèé tí ọmọ rẹ ti ń bá ọ lọ egbòogi."

"Kí ó máa lọ̀ ọ́. Tí mo bá fi gbogbo ẹ̀ hàn án, kí ni màá wá máa jẹ́ nínú ilé yìí?"

Ẹ̀gbọ́n náà, obìnrin àgbà, fa àga rẹ̀ sún mọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní:

"Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń wo àrùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, irú èyí tí í mú kí ẹnu pa dé pátápátá. Ewé méje ni ó ń lò. Ìyàwó rẹ̀ ni í já mẹ́fà, òun náà ni í lọ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà a wá kọ ẹ̀yìn sí i, a fi ìkeje sí i fúnra rẹ̀. Ìrọra ni ó pe ìkeje yìí. Òun gan-an ni oògùn. Mẹ́fà yòókù kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó gbìn ín sí, láàrin koríko.

"Ní ọdún kan, àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ já mẹ́fà, ó lọ̀ wọ́n, ó fi lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wíwú náà kò lọ sílẹ̀. Ó tún lọ òmíràn. Gbogbo ìgbà tí ó bá ń gbé àwo wọlé, orí ìrọra ni ó ń tẹ̀ kọjá. Ọkùnrin náà na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó yíjú, ó rí koríko.

"Ó ní, 'Háà, baálé mi! Ẹ ò fẹ́ kí àlejò bá ilẹ̀ wa báyìí.' Ó mú ọkọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀, ó kó o lọ sí ààtàn, ó sì fi iná sí i.

"Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ fi etí ìró nù ún. 'Ẹ má sunkún mọ́. Ilẹ̀ ti mọ́.'"

Àbúrò rẹ̀ bi í pé:

"Ṣé ó kú?"

"Ó kú. Ìyàwó rẹ̀ kò sì mọ ohun tí òun tu títí dòní."

"Ta ló wá sọ fún yín?"

"Àkàwé ni mò ń ṣe, má dà mí láàmú. Ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ, àbúrò mi. Ìwọ ni kò jẹ́ kí ìfẹ́ náà mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí. Bí iná bá jó ọmọ ẹlòmíràn lọ́la, tí o wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ni kí ó ṣe? O ní kí ni wàá máa jẹ́. Bàbá rẹ̀ ni wàá máa jẹ́. Ìyẹn ò tó ni?"

Àbúrò rẹ̀ wo báàgì ẹrù rẹ̀ títí. Ó dìde, ó wọ bàtà. Bí ó ti ń jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ké sí ọmọ rẹ̀:

"Móríyìíké! Fi ọlọ sílẹ̀, kí o tẹ̀ lé mi. Ojú rẹ nìkan ni kí o mú wá."