Bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Abíọ́nà Ṣèlérí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Àlọ́ mi sáré títí, ó la odò kọjá, ó gba inú pápá, ó wá dúró ti abo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Abíọ́nà, àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń ṣe ìjọba ara wọn, abo ẹṣin kan wà ní ìlú Pápá. Ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ bí i sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Kò ga. Kò sanra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, pátákò rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá náà ti darúgbó, eyín rẹ̀ ti ká tán, kò lè jẹ koríko gbígbẹ mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, ńṣe ni yóò máa rù. Ọmọ rẹ̀ á máa wo egungun ìhà rẹ̀, àyà rẹ̀ á sì máa já.

Ní ọdún kan, Erin tí í ṣe ọba ìlú Pápá kéde pé wọn yóò sáré ìje. Ẹni tó bá borí ni yóò ni koríko tútù etí odò, òun àti ará ilé rẹ̀, títí láé. Gbogbo ìlú ti mọ ẹni tí yóò gbà á. Akọ ẹṣin gìrìwò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Arógunmásàá. Tó bá ń sáré, ilẹ̀ á máa mì. Kò sẹ́ni tó borí rẹ̀ rí. Nígbà tí Abíọ́nà ní òun náà yóò bá wọn sá a, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn bẹ ìyá rẹ̀ pé kó kìlọ̀ fún un, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ pa.

Lọ́jọ́ ìje, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Pápá di ẹrọ̀fọ̀. Arógunmásàá bọ́ síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ti ń tẹlẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì. Ó fà á yọ, ó tún rì. Abíọ́nà ń bọ̀ lẹ́yìn, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń gba orí ẹrọ̀fọ̀ kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti dé iwájú ọba.

Gbogbo ìlú ń na ọrùn wò ó. Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn, ó rò pé wọ́n á ní òun gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Erin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní koríko etí odò ti di tirẹ̀. Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ọdán. Àwọn kan ní orí ló bá a ṣe é, pé bó bá tún sá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yìn ni yóò wà. Àwọn kan ní rárá, wọ́n ní ọmọ yẹn ní eré nínú, àwọn ni kò fojú sí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá ń jiyàn ibi tó yẹ kó ti sáré báyìí. Ẹfọ̀n, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ní kó dúró di ìgbà òjò mìíràn, kó sá ti ọdún ìjẹṣu nílé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní kí ló dé tí wọ́n ń fi ẹran ńlá sínú ìkòkò kékeré? Ó ní Òkè Àpáta ni kó lọ, ìlú Ìnàkí, níbi tí wọ́n ti ń sáré ìje tó lókìkí jù lọ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ẹni tó borí Arógunmásàá, ta ni kò lè borí?

Ìyá Abíọ́nà rọra dìde. Ó ní òun ti yẹ ẹsẹ̀ ọmọ òun wò. Ó ní ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ tó bá pátákò bẹ́ẹ̀ mu. Orí àpáta kò ní gbà á, yóò sán. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn tó fẹ́ràn ariwo, ṣùgbọ́n Erin ní Abíọ́nà ló ni ẹsẹ̀, òun ni yóò sọ ibi tí yóò gbé e lọ. Ó ní kí wọ́n fún un láyè kó rò ó.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò fún un láyè. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gba ọ̀nà Òkè Àpáta lọ, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó wólẹ̀ fún Ìnàkí tí í ṣe ọba ibẹ̀, ó ní Abíọ́nà ló rán òun. Ó ní ó fẹ́ bá wọn sáré. Ìnàkí bi í pé kí ni wọn yóò fi lélẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní bí Abíọ́nà bá borí, kí Ìnàkí kó gbogbo adìyẹ rẹ̀ fún òun tí òun jẹ́ alágbàwí rẹ̀. Bí kò bá borí, tàbí tí kò bá wá, kí koríko etí odò di ti Òkè Àpáta. Ẹ ò rí i, lórí òkè yẹn, omi máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ Ìnàkí á máa lá òkúta. Ìnàkí gbà kíá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní kó fún òun ní díẹ̀ nínú adìyẹ náà ná, kí òun fi panu. Ó jẹ wọ́n tán lójú ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ó sọ fún Abíọ́nà pé àwọn ará Òkè Àpáta ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òjò ló bá a borí. Ó ní bí kò bá lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò bá a dọ́jọ́ ikú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Abíọ́nà lára. Òun náà kò mọ̀ bóyá òjò ni, tàbí ẹsẹ̀ òun. Ó ń jẹ koríko tútù náà, kò mọ adùn rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ Ìnàkí dé etí odò. Wọ́n ń rìn yí pápá náà ká, wọ́n ń fọwọ́ kan koríko, wọ́n ń sọ ibi tí ọmọ wọn yóò máa sùn. Ìyá Abíọ́nà kí wọn, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́ sí i rí.

Ìyá arúgbó náà lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Abíọ́nà wá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kàn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sunkún, ó ní ìfẹ́ ni òun fi ṣe é. Nígbà tó rí i pé ẹkún kò ràn án, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "O lè lọ sọ fún Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n kó tó gbọ́ tẹnu rẹ tán, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ilẹ̀ tó fi ta ọ́ lọ́rẹ, o ti fi í ta tẹ́tẹ́. Ibo ni ìwọ àti ìyá rẹ yóò gbà?"

Ẹ̀rù ba Abíọ́nà. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọmọdé mọ ilé ẹni tó lè gbà á. Kò lọ sọ́dọ̀ Erin. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò sá a. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ọjọ́ pé, wọ́n jọ gba ọ̀nà Òkè Àpáta. Ìyá rẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń fi ohùn gbígbọ̀n kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Abíọ́nà, ọmọ mi,
*Rọra tẹlẹ̀.*
Àpáta ò lójú àánú,
*Rọra tẹlẹ̀.*
Ìwọ nìkan ni mo bí o,
*Rọra tẹlẹ̀.*

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìje. Àgbọ̀nrín òkè ni yóò bá a sá a, ẹni tí wọ́n bí sórí òkúta, tó ń fi àpáta ṣeré. Síbẹ̀ Abíọ́nà kò jẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Wọ́n jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn ará Òkè Àpáta ń pariwo. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń sáré lẹ́bàá ọ̀nà, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Oòrùn ti jẹ́ kí òkúta gbóná bí ààrò. Abíọ́nà gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: kẹ́ẹ́! Pátákò ti sán. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn náà ń dùn ún. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí òkúta. Ó wo iwájú, ó rí ibi tí wọn yóò parí rẹ̀ sí. Kò jìnnà mọ́. Bó bá ti ara rẹ̀ dé ibẹ̀, ó lè borí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà kò ní padà wálé.

Ó dúró.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kígbe pé, "Kí lo dúró ṣe? Koríko ìyá rẹ ń lọ!"

Abíọ́nà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Koríko tí mi ò ní lè rìn dé ìdí rẹ̀ mọ́, kí ni n ó fi ṣe?"

Ó yí padà, ó ń tiro lọ bá ìyá rẹ̀. Àgbọ̀nrín dá parí ìje náà.

Bí wọ́n ti délé, ọ̀dọ̀ Erin ni Abíọ́nà gbà lọ, kó tó tọ́jú ẹsẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú bí òun ṣe mọ̀ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí òun sọ. Erin kò bínú. Ó ránṣẹ́ pe Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó sì dúró de Ìnàkí, tó ti ń bọ̀ wá gba koríko pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀.

Ìnàkí rojọ́ tirẹ̀. Erin gbọ́ ọ tán, ó wá bi í léèrè, "Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ?"

Ìnàkí ní ẹnu Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.

"Ṣé o bi ẹlẹ́sẹ̀?"

Ìnàkí ní òun kò bi í. Ó ní òùngbẹ ọmọ ni kò jẹ́ kí òun bèèrè.

Erin dájọ́ pé ohun tí kì í ṣe ti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kò lè fi í lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ti Abíọ́nà ni koríko. Ẹni tó jẹ adìyẹ Ìnàkí ni kí Ìnàkí bá wí. Wọ́n yíjú sí ibi tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà, wọn kò bá a. Ó ti ń fẹ̀yìn rìn láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìnàkí lé e, ó sá wọ inú ihò kan, kò sì lè jáde lọ́sàn-án mọ́. Ẹ wò ó títí dòní, inú ihò ló ń gbé. Tó bá sì fẹ́ rí adìyẹ, àfi kó yọ́ wá.

Nígbà tí Ìnàkí fẹ́ máa lọ, ìyá Abíọ́nà pè é. Ó ní koríko jẹ́ ti àwọn, ṣùgbọ́n odò kò ní ilẹ̀kùn. Kí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá mumi títí òjò yóò fi dé. Ìnàkí dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹsẹ̀ Abíọ́nà pẹ́ kó tó san. Ó tiro jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn náà, ìyá rẹ̀ sì ń sanra lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ọdán: ṣé ìjẹṣu ni yóò sá ni, àbí ti ìlú òdì kejì odò? Nígbà tí kò yé wọn, wọ́n rán Arógunmásàá fúnra rẹ̀ kó lọ bi í léèrè. Ó bá a níbi tó ti ń gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú koríko.

Abíọ́nà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń kọ́ ìrìn lọ́wọ́."

Arógunmásàá kò béèrè mọ́. Ó dín ìrìn tirẹ̀ kù, wọ́n jọ ń rìn lọ sí etí omi.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ṣe dáadáa lónìí, àwọn kan yóò wá máa fi ẹsẹ̀ yín ṣèlérí lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ tètè sọ fún àgbà. Ẹni tó sì ń fi ohun olóhun ṣèlérí, ihò ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí àlọ́ tèmi sáré dé nìyẹn, ó ti jókòó, ó ń sinmi.